Àlùmọ́gàjí Inú Dígí

Arákálẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe.
Mo ń pọ́n ọ̀bẹ, mo ń pọ́n àdá,
mo ń lọ́ irin fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́.
Ọdún mẹ́tàlélógún. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀,
n kò sì bi irin kankan léèrè rí
pé ọwọ́ ta ni wọ́n rọ ọ́ fún.

Ọ̀já tí ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n
ni mo fi so òsì ọmọ mi mọ́ ìhà
nígbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.
Mo ní, “A kì í fi òsì júwe ilé baba ẹni.”
Ọmọ ọdún mẹ́rin gbójú sókè wò mí:
“Bàbá, ṣé ilé wa ò ní mọ̀ pé òun ni mò ń júwe ni?”
Mo rẹ́rìn-ín.
N kò tú ọ̀já.

Mosúnmọ́lá ti di ọmọge báyìí,
ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ Àǹtí Fẹ̀hìntọlá ní Òkè-Àró.
Lóṣù tó kọjá, ó gé aṣọ oníbàárà wọ́kọwọ̀kọ,
Àǹtí ní ọmọ náà ò lọ́wọ́ iṣẹ́.
Kò lọ́wọ́ iṣẹ́! Ọmọ tó ya labalábá sára ògiri wa
tí ológbò ń fò mọ́ ọn!

Ó gbé àlùmọ́gàjí náà wá kí n pọ́n ọn.
Ó mú. Kò sí ohun tó ṣe é.
Mo wá kì í bọ òsì ara mi, mo wá àkísà kan.
Kò gé. Ó ń họ aṣọ jẹ bí ewúrẹ́ tí kò léyín,
àtàńpàkò mi ń ti abẹ kan jìnnà sí èkejì,
abẹ òkè sì dúró gbagidi lórí ilà ṣọ́ọ̀kì,
ó bo ibi tí mo fẹ́ gé mọ́ mi lójú.
Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń pọ́n irọ́.

Mo kọ́kọ́ yí ibi ìka nìkan padà,
mo fi abẹ sílẹ̀ bó ṣe wà. Òfo ni.
Èkejì kán mọ́ mi lọ́wọ́ lórí òkúta.
Nígbà tó di ẹ̀kẹta, mo gbé dígí tí mo fi ń fá irùngbọ̀n
síwájú àlùmọ́gàjí àtijọ́:
èyí tó wà nínú dígí ni mo rọ.

Ó gé aǹkárá láti etí dé etí, fààà.
Kò dúpẹ́. Ó ní, “Ó ń há mi níka.”
Ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó ya bó ṣe yẹ kó rí sórí sìmẹ́ńtì,
èmi ọ̀gá sì lóṣòó, mo ń kọ́ṣẹ́.

Òsì. Òṣì.
Àmì kan ṣoṣo lábẹ́ lẹ́tà ló là wọ́n,
kò ju èérún iyọ̀ lọ,
ọmọ mélòó la ti fọ́n ọn sí lójú?

Ní báyìí, wọ́n ń wá.
Akíntókùn ti oko kòkó lọ́nà Ìdànrè
ní kí n pọ́n àdá òun lódì kejì,
pé èyí tí gbogbo ayé ń lò ń yẹ̀, ó ń wá ojúgun òun.
Ìyá ológì kan gbé ìgbakọ wá,
kí n la ẹnu fún un lápá tó kù.
Mo bi wọ́n pé níbo lẹ ti wà látọjọ́ yìí?
Ìyá náà ní, “Àdúgbò yìí náà ni.
Ọ̀tún la fi ń parọ́.”

Ó ku kẹ̀kẹ́ ìránṣọ. Ọ̀tún ni wọ́n kan àgbá rẹ̀ mọ́,
n kò tíì mọ ibi tí n ó ti mú un.

Lánàá, oòrùn mú. Mosúnmọ́lá bu omi wá,
ó fi òsì nà án sí mi, ó rántí, ó fẹ́ pààrọ̀ ọwọ́.
Mo ti gba ife kó tó dé ọ̀tún.
Mo mu ún. Omi tútù ni.