Mọ́kànlá ni Wọ́n

Agogo mẹ́wàá kọjá kí n tó ti ilé-iṣẹ́ ẹja dé,
òórùn kọ́ọ̀dù há sábẹ́ èékánná mi,
òjò Grimsby náà ń fi èékánná tirẹ̀ ha fèrèsé.
Mo gbé kẹ́tùlù kaná, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó tutù,
mo jókòó ti kọ̀ǹpútà
tí Ìbídùn ń pè ní orogún òun.

Ta ni alẹ́ òní kàn?
Mọ́kànlá ni wọ́n, wọ́n tò sójú ẹ̀rọ bí ọmọ iléèwé
tó ń retí ẹni tí wọn ó pè.
Àkọ́bí wọn jagunjagun, alásà, ọrùn rẹ̀ kì bíi ti akọ màlúù,
ó ti wà ní ìpele ogójì láti ìgbà òtútù èṣín.
Àbúrò rẹ̀ ń ta ọfà, etí rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́,
ojo ni; bí ìkookò bá hu, ó ti gun igi.
Oṣó mẹ́ta: ọ̀kan ń ju iná, ọ̀kan ń ju yìnyín,
ẹ̀kẹta kò tíì mọ ohun tí òun fẹ́ dà láyé,
mi ò sì bi í.
Aràrá kan wà tó ń rọ irin, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbálẹ̀,
òun nìkan ló lówó nínú wọn.
Àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí n má kà wọ́n tán,
àwọn kan ṣì ń sùn nílé èrò tí mo fi wọ́n sí lóṣù kẹta.

Craig ń pariwo sí mi létí láti Leeds:
"Dírágónì ti jáde! Ẹnì kan ló kù ká pé! Níbo lo wà?"
Mo ní mo wà létí odò, mò ń já ewé.
"Ewé kí ni?"
Ewé aláwọ̀ àlùkò, fún ọmọ kẹsàn-án,
mẹ́rìnlá ló fẹ́, mo ti rí mẹ́fà.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀.
Wọ́n lọ. Dírágónì pa wọ́n lẹ́ẹ̀mejì,
lẹ́ẹ̀kẹta wọ́n pa á, wọ́n ń jó lórí òkè;
èmi ti rí ewé kọkànlá.

Wọ́n ní ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀.
Èmi ò wá ìfun kankan.
Kí n ṣáà máa wo èèrà bó ṣe ń lọ.

Nítorí níbi iṣẹ́, ẹja méjìlélógún ni láàárín ìṣẹ́jú kan,
nọ́ńbà pupa lókè ògiri ń kà wá.
Bí ọ̀bẹ mi bá sinmi, nọ́ńbà náà á mọ̀,
Darren á rìn wá, á dúró lẹ́yìn mi,
kò ní sọ nǹkan kan.
Nílé, oṣó kẹta lè dúró lórí afárá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́,
kí òjò ayé tiwọn máa rọ̀ sí i lórí,
kò sẹ́ni tí yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbídùn ní, "Èwo nínú wọn ni yóò bá wa san owó káńsù?"
Mo ní aràrá ní ẹgbàajì owó wúrà.
Ó pòṣé. "Kó gbé e wá."
Síbẹ̀, alẹ́ Sátidé kan tí oorun kọ̀ ọ́,
ó gbé ife tíì wá, ó jókòó sí apá àga mi,
kò wí nǹkan kan títí tíì fi tutù.
"Ṣé odò yẹn lópin?"
Mi ò mọ̀. Mi ò tíì dé ibẹ̀.
"Ọdún mẹ́ta, o ò tíì dé ibẹ̀?"
Ó ní kí n sún.

A bá odò náà lọ, ẹsẹ̀ tafàtafà ń dún lórí òkúta wẹ́wẹ́.
Ẹyẹ òkun kan ké,
a ò mọ̀ bóyá inú ẹ̀rọ ni àbí orí òrùlé wa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo tan ẹ̀rọ.
Wọ́n ti di méjìlá.
Ó dúró nísàlẹ̀ pátápátá, ìpele kìíní,
kò ní bàtà, kò ní idà, ọ̀pá ìpẹja nìkan ló mú dání.
Orúkọ rẹ̀: Orogún.
Ó ti pa ẹja méjì.
Ìbídùn wà ní kíṣìnì, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.