Ta Ló Ni Ọ́?

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àárọ̀ Ọjọ́ Ajé,
ìrì ṣì wà lórí páànù Òkè-Ọmirù,
fóònù mi ń gbọ̀n lórí tábìlì bí adìẹ tí òjò pa.
Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí ni: "Ẹ̀rọ ò mọ̀ mí mọ́.
Mo tẹ orúkọ mi, ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà nílé ìwòsàn yìí!"

Mo gun ọ̀kadà. Ẹ̀rẹ̀jà ò tíì kún.
Nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé oògùn,
níbi tí fáànù kan ti ń ké, tí ẹ̀rọ ti ń gbóná,
mo bá ìwé orúkọ wa nínú òkùnkùn:
dókítà, agbálẹ̀, akọ̀wé, aṣọ́nà.
Gbogbo wọn wà níbẹ̀,
kò sí ẹyọ kan tó lè jẹ́ ìpè.

Mo ní kí ẹ̀rọ dìde. Ó dìde, ó ṣubú.
Mo tún un ṣe. Ó tún ṣubú.
Mo wá ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀, níbi tó ti ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.
Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń tún sọ:
Wọn ò gbà mí láyè.
Wọn ò gbà mí láyè.

Bàbá mi àgbà ṣe òṣómàáló.
A máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè lọ́nà Èkìtì,
kò ní jókòó, kò ní mumi, àfi bówó bá dọ́wọ́ rẹ̀.
Èmi náà lóṣòó síwájú ẹ̀rọ.

Tẹniọlá, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi, dé tòun ti búrẹ́dì.
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ méje, méje, méje sí i,
kí gbogbo rẹ̀ ṣí, ká lọ jẹun."
Méje fún onílé, méje fún ẹbí, méje fún èrò ọ̀nà.
Òótọ́ ni, yóò ṣiṣẹ́,
bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, tó wá yọ ilẹ̀kùn dànù:
ó wọlé, àmọ́ ewúrẹ́ náà wọlé.
Ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo wa ló wà nínú àpótí yẹn.
Mo ní, "Gbọ́wọ́ kúrò. Lọ jẹ búrẹ́dì rẹ níta."

Mo bi fáìlì kọ̀ọ̀kan léèrè: ta ló ni ọ́?
Ìránṣẹ́ ló ni mí.
Ìránṣẹ́.
Ìránṣẹ́ ni.
Títí mo fi kan ìwé ẹ̀rí àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀,
àwọn wọ̀nyẹn ní, ọ̀gá pátápátá ló ni wá.
Mo wo ọjọ́: Sátidé, aago mọ́kànlá alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Ọ̀gá pátápátá alẹ́ Sátidé,
èmi ni.

Èmi tí mo gbé agbádá àṣẹ wọ̀ nítorí kó lè yá,
mo dá ohun àtijọ́ padà sáyè rẹ̀, mo paná, mo lọ sùn.
Mi ò rántí pé ohun tí ọ̀gá bá fọwọ́ kàn,
orúkọ ọ̀gá ló ń lẹ̀ mọ́ ọn.
Iná lọ ní ìdájí òní. Nígbà tó padà dé,
ìránṣẹ́ jí, ó bá ilé ara rẹ̀ ní títì.

Mo dá a padà fún un. Orúkọ rẹ̀ ni mo kọ sí i.
Kọ́kọ́rọ́: mẹ́fà, òdo, òdo,
kó lè kà á, kó lè kọ ọ́,
ẹlòmíràn ò ní nǹkan tó ń wá níbẹ̀,
àní èmi gan-an, bí mi ò bá wọ agbádá.

Bàbá mi àgbà kú tòun ti ìwé gbèsè nínú àpótí pákó.
Ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, òun nìkan ló mọ̀.
Nígbà tí káfíńtà fi máa ṣí i,
ikán ti ka ìwé náà ṣáájú wa.

Aago mẹ́jọ ku díẹ̀, ẹ̀rọ dìde. Ó dúró.
Ìbíyẹmí pè: "Ó ti mọ̀ mí o! Kí ló ṣe é?"
Ó kù díẹ̀ kí n ní iná mànàmáná ni.
Tẹniọlá ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, èérún búrẹ́dì létè.
"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo tìlẹ̀kùn, mo lọ sùn."
Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó.