Bí A Bá Dákẹ́ Lórí Fóònù

Àjà kẹsàn-án ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru ní Màrínà,
mò ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń kó ohùn ènìyàn gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì.
Ìyá mi wà lódìkejì ọ̀sà, ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà,
yàrá kan, fèrèsé kan tó kọjú sí gọ́tà.

Bí aago méjì bá lù, màá pè é.
Ràfátù kì í tètè sùn, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
A ó kí ara wa, màá bèèrè eékún, á bèèrè oúnjẹ,
lẹ́yìn náà a ó dákẹ́
bí ẹni méjì tó jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀rọ ò gbọ́ irú èyí.
Ní tirẹ̀, ẹni tí ò sọ̀rọ̀ kò rán an níṣẹ́;
ta ni yóò fi dátà gbé òfìfo kọjá afárá?
Ó pa ilẹ̀kùn dé.
Ó tọ́ ariwo yàrá náà wò lẹ́ẹ̀kan, bí ẹní tọ́ ọbẹ̀ wò,
ó ní kò ju báyìí lọ, ó ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀,
ẹ̀rọ etí mi sì lọ se ayédèrú tirẹ̀:
ṣìì, ṣìì, ṣìì,
òjò tí kò pa ẹnikẹ́ni.

Mo ti dán an wò rí láìsí ayédèrú yẹn.
Gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́ bí inú kànga àtijọ́.
Ìyá mi figbe ta: "Wàídì! Wàídì! Ta ló mú un lọ?"
Mo sáré dá ṣìì padà.
Irọ́ kékeré tó ń jẹ́ kí ọkàn balẹ̀;
wọ́n ń sanwó fún mi lórí rẹ̀.

Ó wá di alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ kan, ó wúkọ́.
Ilẹ̀kùn ṣí. A kì í jẹ́ kó tètè padé,
kó má bàa gé ìrù ọ̀rọ̀ jẹ;
láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí kò tilẹ̀ pé
mo gbọ́ ilé wa:
àkèré, fáànù tí apá rẹ̀ kan ti wọ́,
àti nǹkan kan, ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́,
kí ṣìì tó dé bò ó.

Tẹ̀sùbáà ni.
Ọdún mẹ́ta gbáko tí mo rò pé ó kàn ń dákẹ́ tì mí,
ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀, ó ń fi orúkọ mi há àárín wọn,
ẹ̀rọ mi ń wọ̀n ọ́n, ó ń pè é ní òfo.

N ò sọ fún ọ̀gá.
Mo wá nọ́ńbà kan ṣoṣo láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún,
mo ní kí ilẹ̀kùn rẹ̀ má padé mọ́, níhìn-ín, lọ́hùn-ún.
Kí dátà máa ṣòfò.

Lóru ọjọ́ kejì a kí ara wa, eékún, oúnjẹ,
a dákẹ́. Ṣẹ́kẹ́. Àkèré. Ṣẹ́kẹ́.
Ìlẹ̀kẹ̀ dúró.
"Wàídì, kí ló ń hó lẹ́yìn rẹ bí ìkòkò?"
Mo ní ẹ̀rọ amúlétutù ni, Màmá.
Ó dákẹ́ díẹ̀, ó fetí sí i.
"O ò wọ súwẹ́tà?"