Ọkọ̀ Méjì ní Òkè-Fíà

Ọkọ̀ méjì ni mo wí o, n kò pe ọkọ.
Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́, ẹ̀yin ará Òkè-Fíà,
ẹ jẹ́ kí n ro tèmi.

Funfun ń bẹ lápá ọ̀tún, ó gùn bí yàrá àlejò.
Búlúù ń bẹ lápá òsì, imú rẹ̀ ti họ.
Dísẹ́ẹ̀lì ni àwọn méjèèjì ń mu.
Lásúnkànmí tó ń tà wọ́n fi aṣọ nu funfun lẹ́ẹ̀mẹta
kí n tó lanu; kò fọwọ́ kan búlúù.
"Tókunbọ̀ ni, Ìyá Ẹlẹ́yin.
Kò tíì bọ́ sí kòtò ilẹ̀ yìí rí."

Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹyin ni mo ń kó, láti Ìdó-Ọ̀ṣun dé Ìrágbìjí,
láti Ìrágbìjí dé Ìlá, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Jímọ́ọ̀.
Igba kíréètì, ọgbọ̀n ẹyin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan:
ẹ bá mi ka iye ìgbà tí àyà mi ń já
bí táyà kan ṣoṣo bá kọsẹ̀.

Gàníyù mẹkáníìkì wọ́ wọ abẹ́ funfun, ó pẹ́ níbẹ̀.
Ó jáde, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò.
"Eléyìí ní ọpọlọ," ó ní. "Bí orí bá fọ́ ọ,
èmi ò ní oògùn rẹ̀. Èkó la ó gbé e lọ,
kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà bí aláìsàn."
Ó gbá búlúù létí ìlẹ̀kùn.
"Eléyìí ò gbọ́n rárá. Sípánà mẹ́rìnlá
ni gbogbo ìwé tó kà."

Mo gbé kíréètì kan sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.
A wa funfun kọjá ojú irin, a yí po, a padà.
Ọgbọ̀n lọ, ọgbọ̀n bọ̀, àfi bí ẹni tó sùn.
A wa búlúù: ó húkọ́,
ó tu èéfín dúdú sójú ọmọ iléèwé,
ẹyin mẹ́rin fọ́.
Pupa wọn ń ṣàn lọ bá ìyẹ̀fun àtijọ́
tó há sí àlàfo pákó ìsàlẹ̀.
Oníbúrẹ́dì ló ni í tẹ́lẹ̀;
á jẹ́ pé ó ti bọ́ ọmọ ọlọ́mọ rí.

Lásúnkànmí ti ń na ọwọ́ fún owó funfun.
Mo ní kó jẹ́ kí n jókòó sínú rẹ̀ ná.
Mo ṣí àpótí kékeré iwájú:
pẹ́ńsùlù kan tí eyín ti jẹ nídìí,
rìsíìtì ibi ìgbọ́kọ̀sí, orúkọ ìlú kan lórí rẹ̀.
Hámbọ̀ọ̀gì.
Mo mọ orúkọ náà. Ó wà lẹ́yìn lẹ́tà tí Rámónì kọ gbẹ̀yìn,
nígbà tí Abẹ́bì ṣì wà lẹ́yìn mi.
Abẹ́bì ti ga jù mí lọ báyìí.

Ọkọ̀ dé láti ibẹ̀. Ọkọ ò dé.

Ó máa ń jẹ ìdí pẹ́ńsùlù, Rámónì.
Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹ ẹ́.
Mo dá a padà síbi tí mo ti bá a, mo pa àpótí dé.

Ìbínú kọ́ ni mo fi yan búlúù, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ kiri.
Mílíọ̀nù méjì ló wà láàárín wọn,
owó iléèwé Abẹ́bì sì kù sílẹ̀.
Mẹ́rin nínú ọgbọ̀n pọ̀, n kò ní purọ́.
Ṣùgbọ́n koríko wà, fóòmù wà,
Gàníyù á pààrọ̀ sípíríǹgì lọ́jọ́ Sátidé,
èyí tó bá sì fọ́, a ó dín in.

Mo san ìdajì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, okùn bàtà ni wọ́n fi so ó.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é kó tó jí.
Bí mo ṣe ń yà sí ọ̀nà Ìkìrun, mo wo dígí:
funfun ń dán lẹ́yìn,
Lásúnkànmí sì tún ti ń nù ún.