Ìwé Ẹ̀fọn Bàbá Mi

Ní Ìwòpin, ilé wa kẹ̀yìn sí títì, ó kọjú sí ọ̀sà.
Bí oòrùn bá ti rì sẹ́yìn àwọn igi ògùrọ̀,
bàbá mi á gbé àpótí jáde,
á ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọjá ìgbọ̀nwọ́,
á ní, "Ọnàyẹmí, mú ìwé wá."

Ìwé olójú-ewé ọgọ́rin ni.
Ojú-ewé àkọ́kọ́ jẹ́ ti Odùṣọlá, àbúrò mi:
a, b, d, e, ẹ, pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́.
A kò ya á. Ojú-ewé kejì la ti bẹ̀rẹ̀.

Apá òsì kì í gba nǹkan kan. Ìhòòhò ni.
Apá ọ̀tún la fi ń dán oògùn wò:
efinrin tí a fọwọ́ ra,
àdín dúdú,
ewé tíì tí Ìyá Ṣóbándé fi òróró sè,
ìpara kan tí wọ́n bá wa rà ní Ìjẹ̀bú-Òde,
òórùn rẹ̀ dà bí ti ilé-ìwòsàn.
Òun á jókòó bí ẹni tí ń retí ọkọ̀ ojú omi,
èmi á di tọ́ọ̀ṣì mú, èmi á máa kà.

Yànmùyánmú!
Wọn á kọ́kọ́ kùn létí bí àlejò tí ń béèrè ọ̀nà.
"Má pa á," ni bàbá mi á wí,
"jẹ́ ó jẹun tán, kí iye má baà dàrú."
Mo máa ń rí ikùn rẹ̀ bó ṣe ń pọ́n,
títí á fi wúwo, tí á fò lọ
bí aláwìn tí kò ní padà wá san.

Wákàtí kan, aago ọwọ́ rẹ̀ là ń wò.
Efinrin: òsì ogún, ọ̀tún mọ́kànlá.
Àdín: òsì mẹ́rìndínlógún, ọ̀tún mẹ́fà,
ó sì rùn di ọjọ́ Ẹtì.
Ewé tíì ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú,
lẹ́yìn náà ó di ọbẹ̀ fún wọn.
A jó èèpo ọsàn nínú agolo mílíìkì:
àwa la sá, àwọn ò sá.
Ìpara Ìjẹ̀bú-Òde: òsì méjìlélógún,
ọ̀tún, ẹyọ kan.

Ẹyọ kan!
Mo ti ń pàtẹ́wọ́.
Bàbá mi wo oókan yẹn títí iná tọ́ọ̀ṣì fi rẹ̀.
Ó ní, "Ẹyọ kan náà ló pa á."

Ẹfọ̀n inú igbó, ọdẹ lè tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.
Ẹ̀fọn inú yàrá ńkọ́?
Ta ló rí ipasẹ̀ rẹ̀ lára ọmọ ọdún mẹ́fà?
Ara gbígbóná la rí,
a rí eyín tó ń gbọ̀n nínú ooru ọ̀sán,
a rí etí omi, a ò rí ọkọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ó yí àgbá omi òjò abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ dànù.
Tanwíjí kún inú rẹ̀,
wọ́n ń tẹrí ba, wọ́n ń gbérí,
bí ọmọ ilé-ìwé tí ń kí olùkọ́.
Ìyá mi pariwo: omi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!
Kò dá a lóhùn. Ó lóṣòó tì wọ́n
títí iyanrìn fi mu omi náà tán.

Èmi náà ti bímọ báyìí.
Nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé, àwọ̀n wà lórí bẹ́ẹ̀dì,
síbẹ̀, lálaalẹ́, mo ń fi ìpara pa á,
òsì àti ọ̀tún.
Á ní ó tutù. Á máa rẹ́rìn-ín.
N kì í sọ fún un pé apá kan wà
tí a fi sílẹ̀ lóru, kí a lè mọ̀.

Ìwé náà wà nínú àpótí mi.
Nígbà míì mo máa ń ṣí ojú-ewé àkọ́kọ́.
Ó dé orí ẹ.
Kò tíì kọ f.