Bírò Pupa

Iyọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dà sẹ́nu ọ̀nà mi,
iyọ̀ oníhóró, kóńgò kan ó lé díẹ̀,
lọ́jọ́ Ajé, kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ.
Èèwọ̀ tí wọ́n fi de irú wa kí a tó bí wa.
Mo fi ìgbálẹ̀ gbá a. Mi ò sọ fẹ́nì kan.
Ẹni tí wọ́n bí láfín ní Alékúwodò
ti mọ bí a ti í gbálẹ̀ láìpariwo.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èédú lára ògiri:
ÀFÍN, OÚNJẸ Ẹ RÈÉ.

Lọ́jọ́rùú, nígbà tí iná lọ,
ọwọ́ mẹ́rin dì mí mú lẹ́yìnkùlé.
Àlùmọ́gàjí kọjá létí mi, ó tutù.
Wọ́n gé irun mi nídìí, wọ́n dì í sínú ọ̀rá.
"Owó lèyí," ọ̀kan wí.
Mo mọ ohùn náà.
Èmi ni mo kọ́ ohùn náà ní ìṣirò pípín,
ọsàn méjìlá láàárín ọmọ mẹ́rin.

Bàbá Wákílù tó ń lẹ táyà ló ní:
"Tíṣà, ẹ dìde.
Ẹ̀gún kì í rà lẹ́sẹ̀, ńṣe ló ń kẹ̀."
Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lágogo mẹ́wàá òwúrọ̀,
ó gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà,
ó ní kí n fi fìlà òun bo orí
tí wọ́n gé bí ẹni ṣá koríko.

Ní tẹ́ṣàn, Sájẹ́ẹ̀tì Oyèwùmí ń jẹ ẹ̀pà.
"Iyọ̀? Ṣé iyọ̀ ló nà yín ni?"
Ó rẹ́rìn-ín, èèpo ẹ̀pà fò sórí tábìlì.
"Irun ṣáà ń hù padà."
Bàbá Wákílù tẹ̀ síwájú; mo fà á láṣọ.
Mo ròyìn. Ó kọ ọ́. Ó tì í sí mi: "Ẹ sáìnì."

Ojú mi kò ríran jìnnà.
Mo gbé ìwé náà títí ó fi kan imú mi,
mo kà á bí ẹni ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ àná.
ÌJÀ LÁÀÁRÍN ARÁ ÀDÚGBÒ, ó kọ.

Ìjà kẹ̀? Ta ni mo bá jà?
Mo ṣí báàgì. Bírò pupa mi wà níbẹ̀,
èyí tí mo fi ń máàkì.
Mo fa igi lé "ìjà" lórí.
Mo kọ ọ́ sétí ìwé: NÍTORÍ ÀWỌ̀ MI.

"Ìwé ìjọba lẹ kọ nǹkan sí un!"
"Àṣìṣe ló wà nínú ẹ̀, sà."

Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn káńtà,
Kọ́púrù Abọ́sẹ̀dé. Kò sọ ọ̀rọ̀ dídùn kankan.
Ó fa ìwé tuntun yọ.
"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iyọ̀. Ẹ má kánjú.
Kóńgò mélòó?"

Níbẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n mí, lórí ọ̀rọ̀ kóńgò.

Ó kọ ohùn náà, ó kọ orúkọ ẹni tó ni ín.
Ó ya fọ́tò orí mi, ó kọ lẹ́tà sí ọsibítù,
ó fún mi ní nọ́ńbà agbẹjọ́rò kan ní Òkè-Fíà
tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ irú wa.
"Ẹ há nọ́ńbà ẹjọ́ yín sórí," ó ní,
"nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá ní ìwé sọnù."

Wọ́n ti mú ọ̀kan. Èkejì ṣì wà nígboro;
lánàá ó kí mi, "Ẹ kú iṣẹ́, mà."
Ìyá èyí tí wọ́n mú wá kúnlẹ̀, ó ní kí n fà á padà.
Mo fún un ní àga. Mo bu omi fún un.
Mo kọ̀.

Nígbà tó lọ, mo gbé ẹ̀fọ́ kaná.
Mo bu iyọ̀ sí i. Mo tọ́ ọ wò.
Mo tún bu díẹ̀ sí i.