Ka Ẹ̀yìn Rẹ̀

Alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí n wọ bàálù lọ sí Tòróńtò,
bàbá mi da gbogbo ẹrù mi sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀,
láàárín rédíò tí kò nídìí àti fáànù tí kò lápá,
nínú ṣọ́ọ̀bù abẹ́ àtẹ̀gùn l'Ébùúté-Mẹ́ta,
níbi tí rélùwéè bá ti ń kọjá
tí ìṣó inú agolo á bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Múnírátù, ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi."
Ojú rẹ̀ kì í rí lẹ́tà wínníwínní mọ́.
Mo gbé ṣájà fóònù sún mọ́ tọ́ọ̀ṣì,
mo kà á: ọgọ́rùn-ún títí dé òjìlénígba.
"Ìyẹn gbọ́n. Ó mọ ilé, ó mọ àjò. Mú un."
Ti kọ̀ǹpútà náà: bákan náà. "Mú un."
Páwà bánkì: ó gbé e wò lọ́wọ́ bí ẹni ń wọn iṣu.
"Èyí kì í wọ ikùn bàálù.
Báàgì ọwọ́ rẹ ni kó wà.
Bí yóò bá gbiná, ó sàn kí ojú rí i."

Mo fa ohun pẹlẹbẹ kan yọ tí mo rà ní Yábàá,
tó ń sọ ẹnu púlọ́ọ̀gì tiwa di ti ọ̀dọ̀ wọn.
Ó rẹ́rìn-ín.
"Ṣé o rántí Jọláadé, ọmọ Ìyá Onídìrí,
tó gbé kílípà àádọ́fà bọ̀ láti Ṣíkágò?
Ó ní òun ti ra irú èyí, ó wọlé, ó bá a mu.
Ó bá a mu lóòótọ́!
Kò tíì fá orí àbúrò rẹ̀ dé àárín
tí èéfín fi yọ, tí òórùn rọ́bà gba àdúgbò.
Ìdajì orí lọmọ ọlọ́mọ gbé lọ sílé-ìwé ní Mọ́ńdè.
Ẹnu ni nǹkan yìí ń yí, ọmọ mi,
kì í yí agbára.
Ẹni tó kọ́ èdè ìlú kan lánàá
kò tíì ní ikùn tó lè gba ata wọn."

Ó tún ní kí n má fi fóònù tó ń gba iná
sábẹ́ ìrọ̀rí sùn, ìbáà rẹ̀ mí tó báwo;
kí n má fọwọ́ tútù kan ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni.
Mo ń sọ pé mo ti gbọ́, mo ti gbọ́,
ọwọ́ rẹ̀ ti dé ìsàlẹ̀ àpótí.

Áyọ́ọ̀nù màmá mi.
Mo ti fi ìró rẹ̀ wé e, ìró aláró tó ti ṣá,
kí n tó kó búláòsì lé e lórí.
Kò ní kí n ka ẹ̀yìn èyí.
Òun ló pààrọ̀ wáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin,
òun ló mọ ibi tí àtàǹpàkò ìyá mi ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ dán.
"Kò ní jóná lọ́hùn-ún," ló wí,
"iná wọn kò tó o ni.
Yóò kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́
bí ara ẹni tí ibà ń bọ̀ wá bá.
Kò ní na aṣọ kankan."

Rélùwéè kọjá. Ìṣó jó.
A jọ dákẹ́ títí wọ́n fi jó tán.
Ó tú ìró náà, ó ká a sí mẹ́rin,
ó gbé e lé mi lọ́wọ́.
"Èyí kò lẹ́yìn tí à ń kà. Mú un."

Ó pè mí ní Jímọ̀ tó kọjá.
Ó ní òun ń fi áyọ́ọ̀nù náà lọ bùbá,
apá ọ̀tún ti nà, Nẹ́pà mú iná.
Bẹ́ẹ̀ ló gbé apá òsì tó rún lọ sí mọ́ṣáláṣí,
kò sì sẹ́ni tó bi í.